Omi àti Iyọ̀: Ìtàn Ìtọ́jú Onígbáméjì

Ẹni tí onígbáméjì bá kì mọ́lẹ̀ láàárọ̀ lè má rí alẹ́ ọjọ́ náà. Omi ara rẹ̀ tó ń ṣàn jáde ló ń pa á. Ojú rẹ̀ á jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, kò ní í lè tọ̀ mọ́. Bí a bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà kò ní í tètè padà sáyè rẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí ni dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì ń wò kíákíá, kí àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó dé rárá.

Ní 1831, àrùn náà wọ ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn dókítà ìgbà náà a máa fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n tún ń mú kí ara tó ti gbẹ gbẹ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ireland kan, William O'Shaughnessy, ọmọ ọdún 22, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ ló ti dín nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá omi àti iyọ̀ náà padà sínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Thomas Latta dán an wò ní Leith, ní Scotland. Obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo oògùn ti já kulẹ̀ fún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó da omi oníyọ̀ sínú iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, ojú obìnrin náà là, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ó sì sọ̀rọ̀. Latta rò pé ewu ti rékọjá, ó fi í sílẹ̀ fún dókítà ilé ìwòsàn náà, ó lọ sinmi. Ìgbẹ́ àti èébì padà dé, ẹnikẹ́ni kò da omi kún un mọ́, obìnrin náà sì kú láàárín wákàtí mélòó kan. Lójú tèmi, ibí yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìtọ́jú náà wà: bí omi bá ṣì ń jáde, a kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Latta kú ní 1833, wọ́n sì pa ọ̀nà rẹ̀ tì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Leonard Rogers tó sọ ọ́ jí ní Calcutta.

Ṣùgbọ́n dírípù, ìyẹn omi oníyọ̀ tí a ń dà sínú iṣan, ń fẹ́ abẹ́rẹ́, omi tó mọ́ àti ọwọ́ tó mọṣẹ́. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé bí ṣúgà ṣe ń mú iyọ̀ wọlé láti inú ìfun. Omi sì máa ń tẹ̀ lé iyọ̀. Ní 1968, David Nalin àti Richard Cash fi hàn ní Dhaka pé aláìsàn lè fi ẹnu mu omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́.

Ogun Bangladesh ní 1971 ló gbé e jáde fáyé rí. Àwọn tó sá fógun kún àgọ́ Bongaon ní Íńdíà. Dókítà Dilip Mahalanabis ròyìn pé inú ìgbẹ́ àti èébì tó bo ilẹ̀ lòun ń kúnlẹ̀ sí láti fi dírípù sí aláìsàn lára. Nígbà tí dírípù fẹ́ tán, ó po iyọ̀, sódà àti glúkóòsì mọ́ omi sínú àwọn àgbá ńlá, ó ní kí àwọn ẹbí máa fi ife bu ún fún èèyàn wọn. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn tó mu omi náà, kò pé 4.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, jà kí gbogbo ìyá lè mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí pò nílé. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé fífún ọmọ tó ń ṣu gbuuru lómi ń dá kún ìgbẹ́ rẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ gan-an ni a ń fi dírípù sí lára kíákíá; ẹni tó bá lè mu, ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fi ẹnu mu, la ń fún un. Ẹ̀yin òbí, bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ wọn lítà 1 omi tó mọ́, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí ẹnu ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ojú ọmọ bá ti jìn, tàbí tí kò lè mu mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì lè gbé e mì, ẹ máa fún un mu lójú ọ̀nà.