Olùtọrẹ Ni Òṣùwọ̀n: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Iṣẹ́ Abẹ Tí A Fi Ń Gba Ẹ̀dọ̀ Lára Alààyè

Ìfáárà

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé lára ẹ̀dọ̀ alààyè fún aláìsàn yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ mìíràn, nítorí pé ara ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì le koko. Ìyá ni, tàbí bàbá, tàbí ọmọ ìyá ẹni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rin wọ ilé ìwòsàn, ìfẹ́ ló sì gbé e débẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ara ẹni yìí ló yẹ ká fi díwọ̀n ọ̀nà iṣẹ́ abẹ tó dára jù. Bí irin iṣẹ́ ti bóde mu tó kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NAIIS, ti ọdún 2018, fi hàn pé nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B lára. Kòkòrò yìí lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tó ní in tó mọ̀. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín nílẹ̀ yìí, nígbà tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ṣe àkọ́kọ́. Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2002. Ní ti ẹ̀dọ̀, Íńdíà ni púpọ̀ nínú àwọn tó rówó rẹ̀ ń sáré lọ. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìṣègùn lónìí ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí olú ọgbà rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè tí ẹ̀ka ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ṣàgámù, lè wà lára àwọn tí yóò máa ṣe é nílé lọ́la. Ó yẹ ká ti pinnu èyí tí a fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí abẹ ń gbà

Ní 1957, Claude Couinaud, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé pé ìpín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀dọ̀, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ojú ọ̀nà òróòro tirẹ̀. Òye yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti gé apá kan kúrò kí èyí tó kù sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ tún máa ń dàgbà padà: láàárín oṣù mélòó kan, èyí tó ṣẹ́kù lára olùtọrẹ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́.

Silvano Raia ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ẹ̀dọ̀ lára alààyè fún aláìsàn, ní São Paulo ní 1988, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbà á kò yè. Ní 1989, Russell Strong ṣe é yọrí ní Brisbane, níbi tí ìyá kan ti fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀dọ̀. Masatoshi Makuuchi lo apá òsì fún àgbàlagbà ní Japan ní 1993, ní 1996 sì ni Fan Sheung-tat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong gé apá ọ̀tún.

Ibi mẹ́ta pàtàkì ni abẹ lè gbà. Àkọ́kọ́ ni etí òsì, ìpín méjì péré, bí ìdá 20 nínú 100 ẹ̀dọ̀. Ìkejì ni gbogbo apá òsì, bí ìdá 35. Ìkẹta ni apá ọ̀tún, bí ìdá 65. Òfin méjì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé: kí ohun tí wọ́n fún olùgbà má dín ní ìdá 0.8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ohun tó kù lára olùtọrẹ má sì lọ sílẹ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ẹ̀dọ̀ obìnrin kan wọn gíráàmù 1,200. Ọmọ rẹ̀ tó wọn kílò 10 nílò gíráàmù 80 ó kéré tán. Etí òsì ìyá rẹ̀, gíráàmù 240, tó o, ó tún ṣẹ́kù. Ọkọ rẹ̀ tó wọn kílò 70 nílò gíráàmù 560. Apá òsì, gíráàmù 420, kò lè tó o. Apá ọ̀tún, gíráàmù 780, nìkan ló lè gbà á là, gíráàmù 420 péré ni yóò sì kù sára ìyàwó náà. Bí ọ̀rá bá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí bí ìyàwòrán bá ti ṣìnà díẹ̀, ó ti dé etí bèbè. Ìdí nìyí tí ìṣirò ikú olùtọrẹ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń tọ́ka sí fi jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 fún apá òsì, tó sì lè tó márùn-ún nínú 1,000 fún apá ọ̀tún.

Bí wọ́n ṣe ń wọnú ikùn

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí wọ́n la ikùn gbọọrọ lábẹ́ egungun ìhà. Ojú oníṣẹ́ abẹ rí gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀dọ̀. Ní 2002, Daniel Cherqui ní Paris fi kámẹ́rà àti irin tín-ín-rín tí wọ́n tì bọ inú ihò kéékèèké gé etí òsì fún àwọn ọmọdé. Ní 2012, Pier Cristoforo Giulianotti ní Chicago ròyìn bí wọ́n ṣe fi rọ́bọ́ọ̀tì gé apá ọ̀tún, Dieter Broering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Riyadh sì ti sọ ọ̀nà rọ́bọ́ọ̀tì di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Èrè ọ̀nà kámẹ́rà àti ti rọ́bọ́ọ̀tì hàn gbangba. Ìrora dín kù, olùtọrẹ tètè ń lọ sílé, ojú àpá rẹ̀ kéré, ibi tí wọ́n sì sábà máa ń gbé ẹ̀dọ̀ náà jáde ni ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ gbé ọmọ jáde. Ẹni tó bá kọ èrè yìí kò ro ti olùtọrẹ ilẹ̀ wa. Apẹja ní Ìwópin tàbí Mákùn-Omi ní Ogun Waterside ń fa àwọ̀n. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlapákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń ru igi. Bí ojú àpá gbọọrọ bá dẹ̀, tí ìfun ń ti ibẹ̀ yọ, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, ibi tí ewu wà kò fara hàn nínú ìròyìn èrè. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan bá fà ya nígbà tí ikùn ṣí sílẹ̀, ìka oníṣẹ́ abẹ ti wà lórí rẹ̀ kó tó ké sí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí kámẹ́rà ni wọ́n ń lò, ó lè gba pé kí wọ́n kọ́kọ́ la ikùn ná, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi fẹ ikùn sì lè wọ inú iṣan. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe é láìsí wàhálà ní Seoul àti ibòmíràn ti fi ọwọ́ gé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà dání. Ẹni tí yóò bá bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bọ́ọ̀tì yóò máa fi ara ẹni tí kò ṣàìsàn kọ́ṣẹ́, èyí kò sì tọ́.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó: kí wọ́n la ojú abẹ kúkúrú kan, bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, láti abẹ́ egungun àyà wá sísàlẹ̀ ní àárín gbùngbùn ikùn. Etí òsì ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ń wọlé, ojú ń rí i, kò sí afẹ́fẹ́, wọn kì í sì í gé ẹran ara ìhà ikùn. Irin iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ìjọba lè rí tún ṣe náà ló gbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán ojú abẹ tán

Ọ̀pọ̀ ìfiwéra máa ń parí sí yàrá iṣẹ́ abẹ, àṣìṣe sì nìyẹn. Ní 2002, ọkùnrin kan tó fún arákùnrin rẹ̀ ní apá ẹ̀dọ̀ kú ní ìlú New York lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tọ́ka sí ni pé ìtọ́jú tó rí gbà ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tó. Ìlú tó lówó bẹ́ẹ̀ ni o.

Jíjò òróòro láti ojú ibi tí wọ́n gé ni ìṣòro tó sábà máa ń bá olùtọrẹ, ó sì lè fara hàn lẹ́yìn tó ti délé: ibà, inú rírun, ikùn wíwú. Ẹni tó ń gbé ní Ṣàgámù lè padà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní etí omi lẹ́yìn Abígí, ní Ogun Waterside, ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, kó tún wọ mọ́tò. Gígé tó kéré jù, tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀, ló ń dín irú ìrìn òru bẹ́ẹ̀ kù, etí òsì ló sì ní ìyẹn.

Àtakò kan lágbára: àgbàlagbà ni àrùn mẹ́dọ̀wú B ń pa jù, etí òsì kò sì lè gbà wọ́n. Òótọ́ ni. Íjíbítì ti ń fi apá ọ̀tún gba àgbàlagbà là ní ọdọọdún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí àgbàlagbà kan ti ní kòkòrò yìí, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lè ní in pẹ̀lú, kí olùtọrẹ tó yẹ sì tán. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fẹ́ gba ẹni tí kò yẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, tó ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé Nàìjíríà láti 2004, ni yóò gba àgbàlagbà púpọ̀ jù là. Fún ọmọ tí wọ́n bí tí òróòro rẹ̀ kò rí ojú ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ pọ́n títí tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò sì ràn án, kò sí àjẹsára kankan. Ẹ̀dọ̀ òbí rẹ̀ ni ìrètí. Ilẹ̀ Áfíríkà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ní Johannesburg ní 2017, ilé ìwòsàn Wits Donald Gordon gba ẹ̀dọ̀ lára ìyá kan tó ní kòkòrò HIV fún ọmọ rẹ̀.

Àbá

Kí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà fi etí òsì, láti ara òbí sí ọmọ, nípasẹ̀ ojú abẹ kúkúrú ti àárín ikùn, ṣe ìpìlẹ̀. Kí àwọn oníṣẹ́ abẹ wa máa fi àpò òróòro àti ẹ̀dọ̀ tó ní àrùn kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Kí apá ọ̀tún dúró títí wọ́ọ̀dù, yàrá ìyàwòrán àti ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ yóò fi gbó nínú iṣẹ́ náà. Kí ìròyìn ọdọọdún ilé ìwòsàn kọ́kọ́ sọ bí olùtọrẹ ṣe wà, kó tó sọ ti olùgbà, kí owó ọkọ̀ àti ìtọ́jú olùtọrẹ fún ọdún mélòó kan sì wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 béèrè pé kí olùtọrẹ fọwọ́ sí ìwé, ó ka títa ẹ̀yà ara léèwọ̀, kò sì gbà kí wọ́n mú ẹ̀yà tí kò lè hù padà lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà, nítorí náà òfin náà fi àyè kan sílẹ̀ tí wọ́n lè gbà dé ara ọmọdé. Kí àwọn aṣòfin dí i, kí wọ́n dárúkọ ẹ̀dọ̀ níbẹ̀ ní pàtó. Ibi tí olùtọrẹ bá ti ní ààbò nìkan ni àwọn ẹbí yóò ti máa rí ẹni tí yóò tún gbà láti fúnni.