Iye Owó Afẹ́fẹ́, Iye Owó Ilẹ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ti di olùdíyelé ilẹ̀ àti ilé pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prọ̀f, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹnì kan bá gbé oko afẹ́fẹ́ kalẹ̀ létí òkun, láti Ọ̀jọ́ sí apá Àgbádárìgì, báwo la ṣe máa mọ iye tó tó lọ́jà?" Ìbéèrè náà bọ́ sákòókò. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣètò iná tirẹ̀. Ìtàn lèmi kọ́, mi ò kọ́ ìdíyelé. Síbẹ̀, ìbéèrè yẹn gbé mi padà sí ohun kan tí mo fojú ara mi rí ní Ìba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń díyelé. Oko afẹ́fẹ́ ni ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n to òpó gíga sí, tí ẹ̀rọ tó ń yí bí fáànù wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ á máa yí i, yíyí rẹ̀ á máa di iná, wọ́n á sì máa ta iná náà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn olùdíyelé ń gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí á bèèrè iye tí a óò fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, kí á sì yọ ti ogbó kúrò. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ wo Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina. Ẹ̀rọ 37 ni wọ́n là sílẹ̀ fún ibẹ̀, kí gbogbo wọn lè mú mẹ́gáwáàtì 10 wá. Ní December 2012, àwọn agbébọn jí onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé, iṣẹ́ sì fà sẹ́yìn. Owó ti wọlẹ̀, irin ti dúró, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, ṣùgbọ́n oníbàárà ò rí iná rà. Ta ló máa san iye irin tó ń pawó lórí irin tí ò pa kọ́bọ̀?

Ọ̀nà kejì ni pé kí á wo iye tí wọ́n ta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí à ń ṣe ń ra ilẹ̀ ní Okokomaiko nìyẹn: plọ́ọ̀tì lágbájá lọ ní iye báyìí, tèmi náà á lọ bẹ́ẹ̀. Oko afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kò pọ̀ lágbègbè wa. Èyí tó lókìkí wà ní Taiba N'Diaye ní Sẹ̀nẹ̀gàl: ẹ̀rọ 46, mẹ́gáwáàtì 158.7, wọ́n ṣí i ní February 2020. Lekela ló ni ín nígbà yẹn. Ní July 2022, ilé-iṣẹ́ Infinity ti Íjíbítì àti Africa Finance Corporation, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó níbí, kéde pé àwọn fẹ́ ra Lekela. Ṣùgbọ́n pa pọ̀ mọ́ àwọn oko rẹ̀ ní South Africa àti Íjíbítì ni wọ́n rà á. Ẹni tó ra agbọ̀n èso lápapọ̀ ò lè fi ìyẹn sọ iye ọsàn kan.

Ọ̀nà kẹta ló jinlẹ̀ jù: kí ni oko yìí máa mú wọlé? Wọ́n á ri òpó ìwọ̀n, wọ́n á wọn afẹ́fẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán, nítorí bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Àṣìṣe kékeré nínú ìwọ̀n lè sọ èrè di gbèsè. Wọ́n á wo àdéhùn títa iná. Ti Taiba N'Diaye pẹ̀lú Senelec, ogún ọdún ni. Wọ́n á yọ owó àtúnṣe, owó òṣìṣẹ́, owó orí, àti owó tí wọ́n á fi tú ẹ̀rọ palẹ̀ nígbà tó bá gbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa owó ọjọ́ iwájú wá sí òní. Bí ìdá èlé bá jẹ́ 10 nínú 100, ọgọ́rùn-ún náírà tó ń bọ̀ lọ́dún kan, nǹkan bí náírà 91 ló jẹ́ lónìí. Èyí tó ń bọ̀ lógún ọdún, nǹkan bí náírà 15 péré. Níbi tí ewu bá ti pọ̀, tàbí tí ẹni tó ń ra iná bá ti ń jẹ gbèsè, ìdá yẹn á ga sí i, iye oko á sì já wálẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ń ra oko afẹ́fẹ́, ọ̀la ló ń rà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo onílẹ̀. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ́, béèrè owó ìtanràn. Kọ́ọ̀tù níbí ní àṣẹ àbójútó lásán ló ní lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá a láre pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀, kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni tó ń sanwó fún ẹni tó ni ín pátápátá. Òfin gbígba ilẹ̀ ti 1917 náà sọ pé iye tí ilẹ̀ yóò pa lọ́jà, bí ẹni tó fẹ́ tà bá tà á, ni kí wọ́n fi díwọ̀n.

Ìgbà tó di 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ dé. Ó gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á san iye ilé tó wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ti ogbó, àti iye ohun ọ̀gbìn. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀? Owó ilẹ̀ tí o san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni wọ́n á dá padà. Àwọn Àwórì tó jogún ilẹ̀ lọ́wọ́ baba wọn, èwo ni wọ́n san rí?

Nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sóko wọn ní Ìba, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wá ka ohun ọ̀gbìn. Wọ́n fi ẹfun sàmì sára igi àgbọn, wọ́n ka ebè ẹ̀gẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá bi wọ́n pé, "Ilẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀kan nínú wọn fèsì pé, "Màmá, ilẹ̀ ò sí nínú fọ́ọ̀mù." Màmá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó hú ẹ̀gẹ́ méjì, ó gbé e lọ sílé.

Àgbọn tó ń so lọ́dọọdún, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń yí lọ́dọọdún? Ti olówó, ọ̀la ni wọ́n ń kà. Ti màmá yẹn, àná ni wọ́n kà.

Mi ò lè fọwọ́ lérán bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn o. Èmi náà ra plọ́ọ̀tì ní Okokomaiko lọ́wọ́ ìdílé kan nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, owó pọ́ọ́kú ni mo san. Ní September 2023, rélùwéè aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ò tíì dé, owó ilẹ̀ mi ti gbéra sọ. Ọ̀la yẹn, èmi ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ìdílé tó tà á fún mi. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Èsì mi fún akẹ́kọ̀ọ́ mi rèé. Fi ọ̀nà kẹta díyelé oko afẹ́fẹ́ rẹ, kí o fi ọ̀nà méjì yòókù yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé ibi owó ilẹ̀ nínú ìṣirò rẹ, má ṣe kọ iye ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í ta ilẹ̀ fún oko afẹ́fẹ́. Wọ́n ń yá a fún wọn, wọ́n sì ń gba ìdá kan nínú owó iná lọ́dọọdún. Nǹkan tuntun kọ́ nìyẹn létí Yorùbá. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa mú nǹkan wá lọ́dún, ilẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda gómìnà, ó ṣeé kọ sínú ìwé àdéhùn títí dòní.

Bí wọ́n bá tún gbé fọ́ọ̀mù wá, kí àyè ilẹ̀ wà nínú rẹ̀.