Ìmọ́lẹ̀ Tó Lọ, Tó sì Padà

Lẹ́ǹsì kan wà lára àwọn fóònù olówó ńlá kan tí kò tóbi tó èékánná ọmọdé. Kì í ya fọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìmọ́lẹ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ tàn jáde, tó kan ògiri tàbí ènìyàn, tó sì padà wá, kí ṣíìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ka iye àkókò tí ìrìn náà gbà. Láti inú àkókò yẹn ló ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Àwọn tó ń tà á máa ń polówó rẹ̀ bíi pé àná ni wọ́n dá ọgbọ́n náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Fìtílà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní 1638, Galileo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni méjì mú fìtílà tí a bò, kí wọ́n sì jìnnà síra lóru. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣí tirẹ̀, tí ẹnì kejì sì rí i, kí òun náà ṣí tirẹ̀; ẹni àkọ́kọ́ á wá mọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó dán an wò níbi tí kò tó máìlì kan, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọwọ́ ènìyàn ni kò yá tó.

Ó lé ní igba ọdún kí ẹnì kan lórí ilẹ̀ tó rí ohun tó yá ju ọwọ́ lọ. Ní 1849, Hippolyte Fizeau, ará Faransé, gbé wíìlì kan tó ní eyín 720 kalẹ̀ ní Suresnes, lẹ́bàá Paris, ó sì gbé jígí kan sórí òkè Montmartre, mítà 8,633 sí i. Ó rán ìmọ́lẹ̀ gba àlàfo àárín eyín méjì. Bí wíìlì bá rọra ń yí, ìmọ́lẹ̀ á lọ, á kan jígí, á sì padà gba àlàfo kan náà. Bí wíìlì bá yára sí i, eyín tó tẹ̀ lé e á ti dí ojú ọ̀nà kó tó dé, ẹni tó ń wò kò sì ní rí nǹkan kan. Òkùnkùn yẹn ni Fizeau ń wá. Ó rí i nígbà tí wíìlì náà ń yí ní ìgbà 12.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò rẹ̀ fún un ní nǹkan bíi kìlómítà 315,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye tí a mọ̀ lónìí jẹ́ 299,792. Mo kan sáárá sí i. Iṣẹ́ wíìlì yẹn gan-an ni àwọn kan nínú ṣíìpù òde òní ń ṣe: wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń rán ńkọ́? William Herschel, ọmọ Jámánì tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé, ló bá a pàdé ní 1800. Ó fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì fi tẹmómítà wọn ooru àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé tẹmómítà kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ṣe ni ooru tún ga sí i.

Ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn pupa yìí ló ń yọ àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì lẹ́nu. Dígí kì í tẹ̀ ẹ́ tó bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí, nítorí náà àwòrán rẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ fọtógiráfà ní kámẹ́rà àtijọ́ kan tó ní àmì pupa kékeré lára lẹ́ǹsì rẹ̀. Kò lò ó rí. Nítorí ìmọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe fi àmì náà síbẹ̀, kí ayàwòrán lè yí lẹ́ǹsì padà díẹ̀. Nínú fóònù, kò sẹ́ni tó ń yí nǹkan kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé lẹ́ǹsì náà fún ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan. Wọ́n ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà wá kéré. Wọ́n tún ń fi asẹ́ kan sí i tó ń lé ìmọ́lẹ̀ tó kù dànù. Ọ̀pọ̀ wọn yan ìmọ́lẹ̀ nanometer 940, nítorí pé oruku omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì níbẹ̀, oòrùn kò sì ní da iṣẹ́ náà rú púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì tí Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi ṣe òdiwọ̀n àwọ̀. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ṣàyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń wo fọ́tò láti mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ọ̀kan nínú wọn ṣì í lórí ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó dúdú. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò tó ìdá kan. Ṣùgbọ́n èròjà tó ń sọ ara wa di dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ Herschel mì. Lábẹ́ rẹ̀, ara dúdú àti ara funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 2019, LG gbé fóònù G8 jáde, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yìí wo iṣan ẹ̀jẹ̀ inú àtẹ́lẹwọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ni ín.