Ọ̀gá Tí Ń Kọ́ṣẹ́ Lójoojúmọ́: Ìtàn Ìdánrawò Àwọn Onígìtá Jáàsì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn akọrin bá ń múra sílẹ̀ de ìsìn ọjọ́ kejì, ohùn gìtá kì í wọ́n ní Atokoligbé. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá lórí ohun èlò náà, bi wá lọ́jọ́ kan pé: « Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, gbogbo orin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti lè fi gìtá kọ láìṣìṣe. Kí ló tún kù tí n ó máa dánra wò? » A kò tètè dá a lóhùn, nítorí ìbéèrè náà ju ti ọmọ kan lọ. Ìtàn àwọn onígìtá jáàsì ni a fẹ́ fi dáhùn rẹ̀ níhìn-ín, pàápàá ìtàn ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan.

Gìtá kì í ṣe ohun èlò tí àwọn baba wa bá nílé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó mú un káàkiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì fi kọ́ àwọn ará ibẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ìwé: etí ń gbọ́, ọwọ́ ń tẹ̀lé e.

Bákan náà ni àwọn ọ̀gá jáàsì ṣe kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1939, Charlie Christian wọ ẹgbẹ́ olórin Benny Goodman pẹ̀lú gìtá oníná. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ìgbà náà, ẹ̀yìn ni gìtá ń wà, tó ń bá ìlù rìn. Christian mú un bọ́ síwájú, ó ń dá sọ̀rọ̀ bíi fèrè. Ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tó kú ní 1942, ṣùgbọ́n àwo orin rẹ̀ di olùkọ́ fún àwọn tó kù. Wes Montgomery, ọmọ ìlú Indianapolis, fi etí kó àwọn orin rẹ̀ láti inú àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ ni Montgomery ń lọ lọ́sàn-án, agbo orin ni lóru. Àtàǹpàkò ló fi ń ta okùn gìtá, kí ariwo má baà dí àwọn tó wà nítòsí lọ́wọ́. Ohun tó ṣe nítorí ẹlòmíràn wá di ohùn tí a fi ń dá a mọ̀.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti di ọ̀gá kí ìṣòro tó dá wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Django Reinhardt, tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1910, ti ń fi orin jẹun nígbà tí iná jó o nínú ilé onítáyà tó ń gbé ní 1928. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Lórí ibùsùn àìsàn ló ti fi ìka tó kù kọ́ gìtá lọ́tun. Ní 1934, òun àti Stéphane Grappelli dá Quintette du Hot Club de France sílẹ̀ ní Paríìsì. Pat Martino, ará Philadelphia, sọ ìrántí rẹ̀ nù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1980. Àwo tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó gbọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò.

Lionel Loueke ni ọmọ wa tí a ń sọ. Kútọnu ni wọ́n ti bí i ní 1973. Ìlù ló kọ́kọ́ ń lù ní kékeré. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó gbá gìtá mú. Okùn gìtá wọ́n nígbà náà, nítorí náà ó ń fi ọtí kíkan fọ èyí tó ní kí ó lè pẹ́. Bí ọ̀kan bá já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló ń fi dípò rẹ̀. Láti Kútọnu ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan, lẹ́yìn náà sí Paríìsì, ó sì dé Berklee ní Boston ní 1999. Ní 2001, Herbie Hancock, Wayne Shorter àti Terence Blanchard wà lára àwọn tó gbọ́ ọ, tí wọ́n sì gbà á sí Thelonious Monk Institute ní Los Angeles.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ló kàn wá jù. Ó yí padà sí ilé. Ó ń fi ìka lásán ta okùn ọ̀rá, ó ń ki bébà sáàárín okùn kí gìtá lè dún bí ohun èlò ilẹ̀ wa, ó ń fi ẹnu ṣe ìlù, ó sì ń kọrin ní èdè Fọn àti Mina. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Hancock àti Shorter bá a kópa nínú àwo rẹ̀ Karibu ní 2008. Nígbà tó di 2020, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń bá Hancock ṣeré, ó gbé àwọn orin ọ̀gá náà kalẹ̀, òun nìkan pẹ̀lú gìtá, ó tún wọn dá nínú àwo HH. Ẹni tó mọ orin tán kọ́ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ìdánrawò ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe? Kì í ṣe kí ó máa tún ohun tó dùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣe. Ó ń fa orin lọ́ra, nítorí eré sísá a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó ń gbé orin kan ṣoṣo gba orí ohùn méjèèjìlá. Ẹnu rẹ̀ ń kọ ohun tí ìka ń ta, kí ìka má baà máa lọ níbi tí ọkàn kò sí. Ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju odindi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀: díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

A padà sọ́dọ̀ ọmọ tó bi wá léèrè. A ní kí ó lọ jókòó ti àwọn onílù àdúgbò rẹ̀, kí ó sì gbé ìlù kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ wọn wá sórí gìtá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó dé, ó ní ọwọ́ òun kò gbọ́ràn: bí àtàǹpàkò bá mú ohùn ìyá ìlù, ìka yòókù a sọ ti omele nù. A sọ fún un pé ohun tó kù tí yóò máa dánra wò nìyẹn.

Àwọn àgbà tó mọ àwọn ìlù wọ̀nyí láti Bantè dé Savalou ń dín kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ní gìtá lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí a óò fi máa wá ìlù wọn nínú àwo orin nìkan. Ẹ lọ bá wọn jókòó nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè sọ fún yín pé, « Kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, tún un lù. »