Irin Lójú, Ike Nínú

Láti Sango wọ Ọ̀tà, ní òpópónà Ìdírọ́kọ̀, ẹ ó rí pátákó dídán tí wọ́n fi bo ojú báńkì àti ilé epo. Alucobond ni àwọn oníṣẹ́ ń pe gbogbo rẹ̀, iléeṣẹ́ yòówù tó ṣe é. Ẹni tó ń sá fún pákó nítorí iná máa ń gbára lé e, torí irin ló rí lójú. Ẹ jẹ́ ká wo òru kan ní London, ní Grenfell Tower, ilé alájà 24 tí wọ́n fi irú pátákó bẹ́ẹ̀ bò. Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà 2017 ni.

Aago 12:54 òru. Fíríìjì kan gbiná ní àjà kẹrin. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ pe panápaná, wọ́n sì tètè dé.

Aago 1:09. Iná ti gba ojú fèrèsé mú ògiri ìta. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Aluminọ́mù fẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni pátákó náà. Láàárín wọn ni ike polyethylene wà, ó nípọn tó mìlímítà 3. Aluminọ́mù kì í yọ́ títí ooru fi tó ìwọ̀n 660 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Kí ooru tó dé 140, ike yẹn ti yọ́, tó bá sì gbiná, á máa kán sílẹ̀ bí àbẹ́là. Pákó tó nípọn gan-an tilẹ̀ máa ń di èédú lójú, èédú náà á sì fawọ́ iná sẹ́yìn. Ike kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Aago 1:29. Iná ti dé òkè pátápátá. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré!

Oṣù ààwẹ̀ ni. Àwọn Mùsùlùmí tó ti kírun àṣàmù, tí wọ́n ń retí sààrì, wà lára àwọn tó jí aládùúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà ilé náà ni pé kí oníkálukú dúró sínú yàrá rẹ̀, èyí tó bọ́gbọ́n mu níbi tí ògiri ìta kò bá lè jó. Aago 2:47 ni Andy Roe, ọ̀gá panápaná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso, pa ìlànà náà tì. Èéfín ti gba àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Aago 8:07 àárọ̀. Ẹni tó kẹ́yìn jáde láàyè.

Ẹni 72 ló kú. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ tí Moore-Bick darí láti wádìí iná náà sọ ọ́ gbangba pé ike inú pátákó náà ni olórí ohun tó mú iná ràn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bo ilé yín l'Ọ́tà, ẹ ní kí oníṣẹ́ gé etí ọ̀kan, kí ẹ wo àárín rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìdánwò iná rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.