Kàtídírà Notre-Dame ti Kútọnu, lẹ́sẹ̀ afárá Akpakpa

Ẹni tó bá ti Akpakpa gun Ancien Pont, afárá àtijọ́ yẹn, tó ń lọ sí àárín ìlú Kútọnu, kò lè ṣe kó má rí i: ṣọ́ọ̀ṣì gíga kan tí ìlà pupa ṣíṣú àti ìlà funfun tò lé ara wọn lára rẹ̀ bíi ti aṣọ òkè. Kàtídírà Notre-Dame de Miséricorde nìyẹn, Ìyá Wa Aláàánú. Ẹ ò nílò àdírẹ́sì kankan fún oní-zém. Ẹ ṣáà ti sọ pé «Cathédrale», ó ti yé e.

Àwa Yorùbá, Àgùdà là ń pe àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, orúkọ yẹn ò sì ṣẹ̀yìn àwọn tó ti Brazil padà wálé. Àwọn yẹn ti ń gbàdúrà lọ́nà àwọn Potogí ní Ouidah kí àwọn fàdá Faransé tó dé rárá. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1861 ni Fàdá Francesco Borghero, ọmọ Italy, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ẹgbẹ́ SMA ló rán an, ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Nígbà yẹn, Ouidah ni gbogbo ọjà àti ọkọ̀ ojú omi ń wá. Kútọnu, abúlé apẹja lásán ló jẹ́ lábẹ́ ọba Àbómè.

Ohun tó gbé Kútọnu sókè ni àdéhùn àwọn Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868, tó sì dá ìjà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní 1890, nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Faransé àti Ọba Béhanzin, wọ́n mú Fàdá Dorgère àti àwọn òyìnbó mìíràn ní Ouidah, wọ́n kó wọn lọ. Fàdá tí wọ́n ti mú yìí kan náà ló tún padà ṣe alárinà. Nínú àdéhùn 3 oṣù kẹwàá 1890, ọba gbà kí Faransé dúró sí Kútọnu, àwọn náà á sì máa san 20,000 faransi fún un lọ́dọọdún. Àdéhùn ọ̀hún ò pẹ́, ogun tún bẹ́ ní 1892. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú yìí àti ọ̀rọ̀ àwọn fàdá ti wọnú ara wọn.

Kí àwọ̀ méjì máa tẹ̀lé ara wọn lára ògiri, Kútọnu kọ́ ló dá a sílẹ̀. Kàtídírà Siena ní Italy ní ìlà dúdú àti funfun. La Major, kàtídírà Marseille tí wọ́n kọ́ láàárín 1852 sí 1893, náà ní ìlà lára, ẹnu òkun ló sì wà bíi tiwa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé pupa ti Kútọnu yìí máa ń tàn bí oòrùn ọ̀sán bá bà á, tí èèyàn á fi rí ilé agogo rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ fi wé Básílíkà Ouidah, tó kọjú sí ilé Dàn, òrìṣà ejò, tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ní tèmi o, ti Àjàṣẹ́ ló wù mí jù. Àmọ́ ti Kútọnu ni àlejò kì í gbàgbé.

Ní 1955 ni Róòmù sọ Kútọnu di àgbègbè ááṣíbíṣọ́ọ̀bù. Louis Parisot ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1960, oṣù méje kí Dahomey tó gba òmìnira, ó kan ọmọ ilẹ̀ wa, Bernardin Gantin.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó so ilé yìí mọ́ Akpakpa jù ni ti Isidore de Souza, ọmọ Ouidah. Láti 1974 ni Kérékou ti kéde ìjọba Marx òun Lenin. Nígbà tó fi máa di 1989, báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ ò rówó oṣù gbà. Láti 19 sí 28 oṣù kejì 1990, nǹkan bí 500 aṣojú péjọ sí òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, ní Akpakpa níbí. Bíṣọ́ọ̀bù de Souza ni wọ́n fi ṣe alága. Ìpàdé náà sọ pé ohun táwọn bá ti fẹnu kò sí, abẹ́ ò gé e. Ẹ̀rù bà ọ̀pọ̀ èèyàn pé àwọn sójà á da gbogbo rẹ̀ rú. Kérékou gbà, ìbọn ò dún. Ní 1991, ó fìdí rẹmi nínú ìbò, Nicéphore Soglo sì gorí àléfà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, bíi Tógò àti Congo, gbìyànjú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kò sì dán mọ́rán fún wọn tó tiwa.

De Souza kú ní 1999. Inú Notre-Dame ni wọ́n sin ín sí, níbi tí Christophe Adimou, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lórí oyè, náà wà. Nígbà tí Póòpù Benedict kẹrìndínlógún dé ní 18 oṣù kọkànlá 2011, kàtídírà yìí ló kọ́kọ́ lọ, ó sì gbàdúrà níbi ibojì àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń wá ibojì Gantin, ẹ má wá a níbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ àwọn fàdá, Saint-Gall, ní Ouidah, ló wà. Póòpù dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì.