Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Christ Church, Oxford, láti 1546 sí 1871

Bí ènìyàn kò bá mọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pín ogún, kò lè mọ ìdí tí àwọn onílẹ̀ wọn fi ń rán ọmọ lọ sí Oxford. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún, gbogbo ọmọ ló sì ń rí nǹkan mú lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, dáódù ló ń jogún ilẹ̀ àti ilé ńlá, àwọn àbúrò rẹ̀ á sì lọ wá ọ̀nà oúnjẹ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ẹjọ́, nínú iṣẹ́ ológun tàbí nínú òwò. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà fi lè yàtọ̀ pátápátá. Dáódù kò nílò oyè. Ilẹ̀ ń dúró dè é. Púpọ̀ nínú wọn á lo ọdún kan tàbí méjì, wọn á sì kọjá sí àwọn Inns of Court, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní London, kí wọ́n lè gbọ́ ìwọ̀n òfin tó yẹ ẹni tí yóò máa gba ìṣákọ́lẹ̀, tí yóò sì máa dá ẹjọ́ kéékèèké ní ìgbèríko. Àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ di àlùfáà ló gbọ́dọ̀ jókòó ti ìwé títí yóò fi gboyè.

Ohun tí mo ń gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ipò ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ onílẹ̀, ìmọ̀ ìwé ló tẹ̀lé e, àti pé a kò tíì ka gbogbo àwọn tó sanwó ẹ̀kọ́ náà tán.

Kádínà Thomas Wolsey ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí sílẹ̀ ní 1525, lórí ilẹ̀ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí wọ́n fi sọrí Frideswide Mímọ́. Nígbà tí Wolsey ṣubú, iṣẹ́ náà dúró, títí Ọba Henry Kẹjọ fi tún un dá sílẹ̀ ní 1546 tó sì so ó pọ̀ mọ́ kàtídírà Oxford. Nítorí èyí, Díìnì ni wọ́n ń pe olórí rẹ̀ títí dòní. Láti 1581, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè wọ yunifásítì náà láìbuwọ́lu àwọn àlàyé ìgbàgbọ́ 39 ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. William Penn, tó wá dá Pennsylvania sílẹ̀, wọlé sí Christ Church ní 1660 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀gágun ojú omi. Nígbà tó kọ ìsìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n lé e ní 1662. Owó bàbá àti ipò bàbá kò gbà á sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ìsìn bá wà.

Níbi gbogbo yòókù, ipò bàbá ló ń ṣe ìpinnu. Ọmọ ìjòyè ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú òwú wúrà tó ń fì lórí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní gentleman commoner: àwọn ọmọ onílẹ̀ olówó, tí wọ́n ń san ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, tí wọ́n ń wọ gáùn ṣẹ́dà àti fìlà àrán, tí wọ́n sì ń bá àwọn àgbà kẹ́gbẹ́. Commoner lásán ló tẹ̀lé wọn. Servitor, ọmọ tálákà tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ dí owó ẹ̀kọ́, ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí akẹ́kọ̀ọ́ lókèèrè ní ìgboro Oxford ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní kí ó tó sún mọ́ ọn. Ó jẹ́ àṣà pẹ̀lú kí àwọn ọmọ olówó fi ife tàbí àwo fàdákà ta kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ni Ọba Charles Kìíní, tó fi Christ Church ṣe ààfin láti 1642 sí 1646, gbà lọ́wọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì láti fi rọ owó ogun.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Lórí ìwé, ẹ̀kọ́ náà wúwo: Látìn àti Gíríìkì, ọgbọ́n àríyànjiyàn ti Aristotle, ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ìwà àti ìlànà ìgbé ayé. Olùkọ́ àdáni ni bàbá ń fi ọmọ lé lọ́wọ́, òun náà ló sì máa ń ṣọ́ owó ọmọ. Bí olùkọ́ bá dára, ọmọ rí ìmọ̀ gbà. Bí kò bá dára, kò sí ẹni tó bi í. Edward Gibbon, òpìtàn ńlá nì, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Magdalen, tó wà ní ìlú kan náà, ní 1752 gẹ́gẹ́ bí gentleman commoner nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò bá a wí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa kíláàsì jẹ, àti pé èkejì kò bìkítà ibi tó bá lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò níbẹ̀, kò sì sí ìgbà kan nínú ayé rẹ̀ tó kà sí ìfàkókò-ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Adam Smith, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol láti 1740 sí 1746, fi ẹ̀sùn kan náà kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford nínú ìwé rẹ̀ ti 1776, ó sì sọ ìdí rẹ̀: owó oṣù wọn kò rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Mo gba ọ̀rọ̀ Smith gbọ́ ju ti àwọn tó ń dá ìwà ọ̀lẹ nìkan lẹ́bi lọ.

John Locke mọ ọ̀rọ̀ náà látinú ilé. Ọmọ Christ Church ni láti 1652, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gíríìkì níbẹ̀, kí Ọba Charles Kejì tó pàṣẹ ní 1684 pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Edward Clarke, onílẹ̀ kan ní Somerset, lórí bí yóò ṣe tọ́ ọmọ rẹ̀, ló di ìwé ní 1693. Nínú ìwé náà, ohun mẹ́rin ló fẹ́ fún ọmọ ọlọ́lá: ìwà rere, ọgbọ́n ayé, ìmọ̀ bí a ti ń bá ènìyàn lò, àti ìmọ̀ ìwé. Ìwé ló kẹ́yìn. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn onílẹ̀ fẹ́ràn jù ló kọ èyí, tó sì gba bàbá níyànjú pé kí ó tọ́jú ọmọ sílé pẹ̀lú olùkọ́ gidi.

Ibi tí ojú ti lè tètè rí ìtumọ̀ ipò ni ọ̀dọ̀ àwọn servitor. George Whitefield, oníwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Pembroke, ní Oxford bákan náà, ní 1732. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé ìtura kan ní Gloucester, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbé ọtí fún oníbàárà. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí àwọn ọmọ ọlọ́lá máa jà dù ú, nítorí ó mọ bí a ti ń sin ènìyàn. Ó ń jí wọn láàárọ̀, ó ń nu bàtà, ó ń jíṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Samuel Johnson, ọmọ olùtà ìwé kan ní Lichfield, wọ Pembroke kan náà. Johnson kì í ṣe servitor, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ó máa ń lọ sí Christ Church, tí òpópónà kan ṣoṣo pín níyà sí tirẹ̀, láti lọ gba ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Taylor ti kọ́ ọ. Ọjọ́ kan ló ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Christ Church ń wo ẹsẹ̀ òun tó yọ nínú bàtà, kò sì padà lọ mọ́. Ẹnì kan fi bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó jù ú nù. Ní ìparí 1729 ló kúrò ní Oxford láìgboyè. Ẹni tó wá ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí ní 1755 nìyẹn.

Àyípadà dé pẹ̀lú Cyril Jackson, tó jẹ́ Díìnì láti 1783 sí 1809. Ó ń bi ọmọ olówó léèrè ohun tó kà bí ó ti ń bi ọmọ tálákà. Ní 1800, yunifásítì gbé ìdánwò gidi kalẹ̀, lẹ́nu, ní gbangba. Ní 1808, Robert Peel, tó jẹ́ gentleman commoner ní Christ Church, ló kọ́kọ́ gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ Gíríìkì òun Látìn àti nínú ìṣirò papọ̀. Òwò òwú ni bàbá rẹ̀ fi rí owó tó fi ra ilẹ̀. William Gladstone ṣe bíi tirẹ̀ ní 1831. Àwọn méjèèjì di olórí ìjọba. Òfin 1854 yọ ìbúra ìsìn kúrò lọ́nà ẹni tó fẹ́ wọlé àti ẹni tó fẹ́ gba BA, ti 1871 sì mú púpọ̀ nínú ìyókù kúrò. Láàárín òfin méjèèjì, ní 1864, Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé ẹ̀kọ́ ìsìn dá Samuel Àjàyí Crowther lọ́lá, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821.

Orúkọ Crowther mú mi dé orí owó tó ti ara ẹrú wá. John Gladstone, bàbá William, gba owó gbà-má-bínú tó ju £100,000 lọ lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, nítorí ẹrú rẹ̀ ní Karibéánì ju 2,500 lọ. Irú owó bẹ́ẹ̀ sì ti ń wọ Oxford tipẹ́ ṣáájú ìgbà tirẹ̀. Christopher Codrington, tí wọ́n bí ní Barbados nínú ìdílé olóko ìrèké, wọ Christ Church ní 1685 gẹ́gẹ́ bí gentleman commoner. Nígbà tó kú ní 1710, ó fi £10,000 pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì All Souls láti fi kọ́ ilé ìkàwé. Oko rẹ̀ ní Barbados bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìhìnrere ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà SOCIETY ni wọ́n sì fi irin gbígbóná tẹ̀ sí àyà àwọn ẹrú ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n jí kó ní etíkun Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ló ṣiṣẹ́ tó san gáùn ṣẹ́dà yẹn.

Ní 2020, All Souls yọ orúkọ Codrington kúrò lára ilé ìkàwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ère rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa tó lọ ń ṣe ìwádìí ní Oxford gbọ́dọ̀ béèrè àwọn ìwé owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n kà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé oko àwọn erékùṣù Karibéánì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí ní Yorùbá.